Fáànù Kì Í Dá Òtútù: Ohun Tí Àpótí Ìgbìn Kọ́ Wa ní Okokomaiko

 

Bí ẹ bá ti gba ojú ọ̀nà Badagry láti Mile 2 dé Okokomaiko rí, tàbí tí ẹ yà sí ọ̀nà tó gba ẹnu Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo wa mọ̀ sí LASU, lọ sí Ìba, ẹ ó ti rí àwọn àgbẹ̀ ìgboro tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí orí ilẹ̀ tí ilé kò tíì gbà. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Ní ti àwa tí a ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, a kò tilẹ̀ ní ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá wa, adìẹ aládùúgbò ni ó sì ni ìwọ̀nba yẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́kù.

Èyí ni ó gbé àbúrò mi obìnrin dé ìdí àpótí ìgbìn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní LASU, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ gbin ata sínú àpò àti ike ọ̀dà, ṣùgbọ́n wọn kì í ní sùúrù láti tọ́ ọ láti inú kóró. Òjò ńlá a máa lu ọmọ ata pa, adìẹ a sì máa tan ìyókù. Ó ní bí a bá lè tọ́ ọmọ ata rodo nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó rí olùrà. Ìyá wa gbọ́, ó sì kó owó àjọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀ mọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ti gbó ni a sọ di àpótí: ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 60, ó sì ga ní 120. A lọ sí ọjà Alábà, tí kò jìnnà sí wa, a ra iná LED ńlá méjì, wáàtì 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. A ra fáànù kan tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Èrò wa ni pé bí iná bá ti mọ́lẹ̀ tó ni ata yóò ti dàgbà tó, àti pé bí ooru bá mú, fáànù yóò mú un tutù. A gbin létúsì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a gbin kóró ata rodo 200 sí ìyókù. Létúsì kò hù rárá. Ata hù dáadáa, nítorí pé nígbà tí a bá wà nílé, a máa ń ṣí ìlẹ̀kùn àpótí náà sílẹ̀ díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a sì ti ìlẹ̀kùn náà pa nítorí eku. Ẹ̀yìn wa ni fáànù kú, ṣùgbọ́n iná kò kú, nítorí pé ojú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni a ti fún un ní agbára. Nígbà tí a dé lálẹ́, òórùn ike tó jóná ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Ojú ibi tí a ti so wáyà, tí omi máa ń ta sí, ti dúdú. Àwọn ọmọ ata wa rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Bàbá onílé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo wa, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ata lẹ fẹ́ tà ni, àbí ilé mi lẹ fẹ́ dáná sun?” Ìdílé 12 ni ó ń sùn lábẹ́ òrùlé yẹn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ wọ́n. Àbúrò mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó ìyá wa ni ó ń rò.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: fáànù kì í dá òtútù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé atẹ́gùn gbígbóná jáde kí atẹ́gùn yàrá lè rọ́pò rẹ̀. Bí yàrá yín bá wà ní ìwọ̀n 32, kò sí fáànù tó lè sọ inú àpótí di 28. Nítorí náà, kí a tó wá bí ooru yóò ṣe jáde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dín èyí tí a ń kó wọlé kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáànù kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, bí nẹ́ẹ̀tì bá bo ẹnu rẹ̀, lè lé nǹkan bí 500 lítà atẹ́gùn jáde ní ìṣẹ́jú kan. Àpótí wa kò gbà ju nǹkan bí 430 lítà lọ. Síbẹ̀, bí iná wáàtì 200 bá wà nínú rẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 gbóná ju èyí tó wọlé lọ, àyàfi ìwọ̀nba tí ara pákó bá gbé lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá jẹ́ wáàtì 40, tí fáànù sì jẹ́ méjì, ìyàtọ̀ náà kò ní ju nǹkan bí ìwọ̀n 2 lọ. Wáàtì 40 sì tó fún ọmọ irúgbìn nínú àpótí kékeré bẹ́ẹ̀, bí a bá fi ọ̀dà funfun kun inú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò.

Ibi tí fáànù dúró sí náà ṣe pàtàkì. Atẹ́gùn gbígbóná a máa gòkè fúnra rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀run ń gbé, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohunkóhun kò ní ìwúwo níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àpótí ìgbìn Veggie, tí NASA gbé lọ síbẹ̀ ní 2014, fi ní fáànù tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni létúsì pupa tí wọ́n jẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ti hù. Àwa ní Okokomaiko ń rí ọ̀fẹ́ jẹ: ooru ń gòkè láìgba owó. Ẹ kàn lu ihò tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi fáànù méjèèjì sí òkè, kí wọ́n máa fẹ́ síta. Wọ́n sábà máa ń ya ọfà sí ara fáànù láti fi ibi tí atẹ́gùn ń lọ hàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó kàn án mọ́ pákó. Tiwa àkọ́kọ́, inú ni ó ń fẹ́ sí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ihò, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró sínú àwo ìsàlẹ̀, kí ẹ má baà máa sin ẹ̀fọn.

Ní ti iná, gílóòbù fóltì 12 mẹ́rin, wáàtì 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí a ń lò fún sólà, ni a lò lẹ́ẹ̀kejì. Fóltì 12 ni fáànù náà ń lò. Kò sí wáyà iná ọba kankan nínú àpótí tutù mọ́. Òde ni ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di fóltì 12 wà. A fi fíúsì 5 sójú wáyà náà. Lẹ́yìn èyí ni a wá ra tẹmositáàtì kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ ń lò. A tò ó kí ó pa iná bí ooru inú àpótí bá dé 36. Bí fáànù bá kú báyìí, iná yóò kú tẹ̀lé e. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí iná wà láàyè nígbà tí fáànù ti kú.

A tún yí àkókò padà. Ọ̀sán Èkó gbóná, òru sàn díẹ̀. Nítorí náà, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni a ń tan iná, aago 8 òwúrọ̀ ni a ń pa á. Òru wa ni ọ̀sán wọn, a sì wà nílé láti máa ṣọ́ ọ. Iná àti fáànù méjèèjì ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 19 lóṣù. Ti àkọ́kọ́ ìbá jẹ ju 84 lọ. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ yan ohun ọ̀gbìn tó mọ ooru wa. Kóró létúsì a máa sùn bí ooru bá kọjá nǹkan bí 30. Ìdí tí tiwa kò fi hù nìyẹn. Tòmátì lè bẹ̀rẹ̀ ayé nínú àpótí, ṣùgbọ́n bí òru kò bá tutù tó, òdòdó rẹ̀ yóò máa rẹ̀ dànù. Ata, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ fara mọ́ ooru. Bí ọmọ ata bá sì tó gbé jáde, ẹ má ṣe jù ú sínú oòrùn lójijì. Àwọn baba wa tó ń tọ́ ọmọ kòkó lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ fi í sábẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó máa mọ ayé díẹ̀díẹ̀.

Nínú kóró 200 tí a gbìn lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ata 160 ni ó dúró. A tà wọ́n fún àwọn ará àdúgbò àti àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi. Owó àjọ ìyá wa kò tíì pé. Ó ku ìdajì. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n sì ní ká tún gbìn.

Bàbá onílé náà ra 6. Inú ike ọ̀dà ni wọ́n gbìn wọ́n sí, lẹ́nu ọ̀nà tiwọn gan-an. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó dá wa lóhùn ẹ kú àárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi wá pé: “Fáànù yín ńkọ́? Ṣé ó ń yí?”

Ó ń yí, Bàbá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.