Iyùn olóró nínú ilé: ta ló yẹ kó kìlọ̀?

Tí a bá dárúkọ iyùn ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó ń bẹ lọ́rùn ọba àti ìyàwó tuntun ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí iyùn tó di ìlẹ̀kẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí ni nínú òkun, ó sì ní ìbátan púpọ̀. Lára àwọn ìbátan yìí ni àwọn èèyàn ń rà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sìn nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ ní pálọ̀ wọn. Wọ́n rọ̀, wọ́n sì ní oríṣiríṣi àwọ̀ bí òdòdó. Àmọ́ oró inú àwọn kan le gan-an.

Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ yìí di ariwo ní abúlé Steventon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń tún àpótí omi ṣe, ni oró iyùn bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé. Èèyàn 10 ló dèrò ilé ìwòsàn: 6 jẹ́ ará ilé, 4 yòókù jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó sáré wá gbà wọ́n. Orí ló kó wọn yọ.

Palytoxin ni orúkọ oró náà. Gbogbo ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di ara wa ló ní ẹnu ọ̀nà tó ń ti iyọ̀ síta. Oró yìí á ṣí ẹnu ọ̀nà náà sílẹ̀ gbayawu, iyọ̀ á máa wọlé bó ṣe wù ú. Ni iṣan á bá bẹ̀rẹ̀ sí í roni, ọkàn pàápàá lè má lù dáadáa mọ́. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa á. Dókítà á kàn máa ran aláìsàn lọ́wọ́ títí ara á fi balẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé oró yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Hana, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìtàn wọn sọ pé àwọn jagunjagun a máa fi í kun ẹnu ọ̀kọ̀, wọ́n sì fi èèwọ̀ de ibi tó ń hù. Ní 1971, Moore àti Scheuer, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Hawaii, kọ̀wé nípa oró náà. Àgbà mọ̀, ọ̀mọ̀wé mọ̀. Ẹni tó ra iyùn lọ́jà ni kò mọ̀. Èèwọ̀ kù sílẹ̀ létí òkun, ọjà nìkan ló wọ ọkọ̀.

Ṣé ó kàn wá? Ó kàn wá o. Àwọn ọmọ wa kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé ilé onílé ni wọ́n ń tún ṣe jẹun. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n fọ àpótí omi náà ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn lórí fóònù: kí wọ́n má da omi gbígbóná sí òkúta tí iyùn wà lára rẹ̀, kí wọ́n má sè é, kí wọ́n má sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Oru omi gbígbóná ló ń gbé oró wọ imú. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú, nítorí ojú egbò náà ni oró ń gbà wọlé.

Tí ẹnu bá ń korò, tí ibà, òtútù, ikọ́ àti èémí kúkúrú bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí wọ́n má rò pé grippe lásán ni. Kí gbogbo ará ilé jáde síta, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé iyùn ni àwọn fọwọ́ kàn. Bí wọn ò bá sọ ọ́, dókítà ò ní mọ ohun tó ń wá.

Ní Faransé, àjọ ANSES ti kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìkìlọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Ẹnu ẹni tó ń ta iyùn ló yẹ kó ti kọ́kọ́ jáde.

Kí àwa náà má sì fi Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń bù sínú ìgò ohun mímu tà fún wa, ta ló ń kọ orúkọ sí i lára? Ẹni tó bá ń ta oró gbọ́dọ̀ sọ pé oró ni.