Mọ́tò Tí A Gbé Kalẹ̀ Kì í Sinmi

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti gbogbo òkè Ọya, a kí yín láti Warri níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan àwọn tí ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà wá bá wa, tí wọ́n sì máa ń fi lọ́rì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, nítorí Iléyá, ìsìnkú tàbí ìwúyè. Oṣù kan a di méjì, méjì a di mẹ́ta. Nígbà tí olówó lọ́rì bá padà dé, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn mọ́. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ ní òkè Ọya ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní Warri. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Lọ́dọ̀ yín, oòrùn, ọyẹ́ àti eruku ni ọ̀tá mọ́tò. Ẹni tó bá fi tapólì wé lọ́rì rẹ̀ pinpin ní ìgbà ọyẹ́, ó ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá tiwa. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, òjò Kánò kì í tó 1,000 mìlímítà, ṣùgbọ́n ti Warri a máa lé ní 2,500. Bí ẹ bá wé lọ́rì pinpin níhìn-ín, ọ̀rinrin tí ẹ sé mọ́ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Ìjókòó á bu, orí wáyà á dípẹtà, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti inú wá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Òyìnbó, àwọn kan ní mọ́tò tó ní ibùsùn, ìdáná àti ẹ̀rọ omi nínú, tí wọ́n fi ń ṣe fàájì kiri nígbà ooru. Bí òtútù bá ń bọ̀, wọn kì í kàn ti ilẹ̀kùn kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á fa omi inú páìpù rẹ̀ jáde, nítorí omi tó bá di yìnyín a máa wú, a sì máa bẹ́ páìpù. Wọ́n á tú orí bátìrì, wọ́n á dí ihò tí eku lè gbà wọlé. Òtútù ni tiwọn, òjò ni tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: kí ènìyàn mọ ọ̀tá tó wà níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbé jókòó.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe nígbà náà? Ẹ wá ilẹ̀ gíga tí kò sí koríko. Omíyalé tó bo ọ̀pọ̀ ibi ní Ìpínlẹ̀ Delta ní ọdún 2012 àti 2022 kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ gbá inú bọ́dì mọ́ tónítóní, nítorí ẹ̀wà díẹ̀ tó ṣẹ́kù ni yóò pe eku, bí eku bá sì jẹ ẹ̀wà tán, wáyà ló kàn. Ẹ rọ dísẹ̀lì kún táńkì, nítorí inú táńkì tó ṣófo ni ọ̀rinrin ti ń di omi. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nítorí ìdọ̀tí inú ọ́ìlì àtijọ́ a máa jẹ irin. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó tó, kí ẹ sì fi igi há a. Ẹ má ṣe fa búrékì ọwọ́, kó má baà lẹ̀ pọ̀. Ẹ tú orí bátìrì. Ní ti tapólì, òkè nìkan ni kí ẹ fi bò, kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ní kí ọmọdé kan máa ṣí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe oore. Epo tó ń jó a máa mú omi jáde. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná dáadáa, omi náà yóò dúró sínú sàláńsà, yóò sì jẹ ẹ́. Ó sàn kí dẹ́rẹ́bà gidi máa wà á rìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kó sì tún tú orí bátìrì bó bá dé.

Ta ni yóò ṣe gbogbo èyí? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni tó bá ń lọ a máa sọ pé, “Àbúrò mi wà níbẹ̀, yóò máa bá mi wò ó.” Àbúrò yín lè fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ kò sì sọ ohun tí yóò máa wò fún un. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba dá ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Ẹni tó rò pé ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò nílé kò lè padà, òjò Warri kò sì dúró dè é.

Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa ní ìwé kan fún lọ́rì tí a bá fi lélẹ̀: ọjọ́ tó dé, ipò tó wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí a wà á rìn. Kí a yan olùtọ́jú kan, kí olówó lọ́rì sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìpàdé. Mo ti gbọ́ ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò jalè. Àkọsílẹ̀ ni kò sí.

Ẹ rántí pé owó àjọ ni a fi ra ọ̀pọ̀ lọ́rì wọ̀nyí. Olówó, dẹ́rẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀, ilé mẹ́ta ló ń jẹun nídìí ọ̀kan. Owó tí olùtọ́jú yóò gbà kò lè tó ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jíròrò lé e ní ìpàdé yín, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa kí òjò tó dé. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà o.