Olè ń fi Yorùbá pè wá, báńkì ń fi Òyìnbó kìlọ̀ fún wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn nípa owó àwa ará oko tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń gba orí fóònù kó lọ.

Kì í ṣe àwa la bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n kó owó wa sínú fóònù. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni CBN gbé BVN dé, a lọ tẹ̀ka. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba ní ká so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù wa. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹni tí kò bá tíì so ó kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 dé, nígbà tí wọ́n ní àwọn ń pààrọ̀ náírà. Oníbàárà dé, ó lówó ní báńkì, kò rí i gbà jáde. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta ọdún náà pé owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ìyá arúgbó tí kò gba tíránsífà rí láyé ti kọ́ ọ tipátipá.

Bí wọ́n ṣe tì wá wọlé nìyẹn. Ta ló wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀?

Aládùúgbò mi kan wà tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ọmọkùnrin kan pè é lọ́jọ́ ọjà, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, mà," ó pe orúkọ rẹ̀ pé, ó ní báńkì lòun ti ń pè, pé BVN rẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́, wọn yóò sì ti àkáǹtì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó bá òun kà á. Ó kà á. Owó ẹ̀lùbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo gba fóònù náà wò, inú bí mi: ìkìlọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an pé kó má ṣe fi nọ́ńbà náà han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Obìnrin yìí ò sì ka ju nọ́ńbà lọ. Olè bá a sọ Yorùbá tó dán mọ́rán, báńkì tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi èdè tí kò gbọ́ kìlọ̀ fún un. Ta ni kó wá gbà gbọ́?

Àwọn èèyàn ń béèrè pé báwo lolè ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́, orúkọ yín á yọ sí i. Ní àwọn ilé owó orí fóònù mìíràn, nọ́ńbà fóònù yín náà ni nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n kàn yọ òdo iwájú kúrò ni. Nítorí náà, pípe orúkọ ẹni kì í ṣe ẹ̀rí pé báńkì ló ń pè.

Àwọn kan á ní àìmọ̀wé ló fà á. Ó dáa. CBEX tó dà rú ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ń kọ́, táwọn èèyàn fi ya lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, tí wọ́n kó ẹrù ibẹ̀? Ṣé gbogbo àwọn tó kówó síbẹ̀ ni kò kàwé ni? Àwọn mìíràn ní kí àgbà kó fóònù fún ọmọ. Bí ọmọ bá wà l'Ékòó ń kọ́? Ọmọ aládùúgbò wo la fẹ́ sọ nọ́ńbà àṣírí wa fún?

Ohun tó yẹ ká kọ́ kò tó ti kọ̀ǹpútà rárá. Nọ́ńbà tó bá wọ fóònù wa láìjẹ́ pé àwa la béèrè, kọ́kọ́rọ́ ni, a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni. Ti WhatsApp náà bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, WhatsApp yín ló fẹ́ gbà, kó lè máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí. Ní ti POS, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ẹni tó bá ta ọjà, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì kó tó gbẹ́rù fún oníbàárà, nítorí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ti síìmù. Bí olè bá jí fóònù, yóò yọ síìmù rẹ̀, yóò fi sínú fóònù mìíràn, gbogbo nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n síìmù ṣe é tì, lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì pàápàá, lábẹ́ Settings, níbi Security. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù yín, ẹ má méfò, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò ti ara rẹ̀ pa, àfi kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà PUK. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó sunkún, ẹ pe báńkì. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní nọ́ńbà tí a lè tẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn láti ti àkáǹtì ẹni. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Mo ń rọ àwọn báńkì pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ sí oníbàárà tó bá fẹ́ Yorùbá, kí wọ́n sì rán òṣìṣẹ́ wá sọ ọ́ lẹ́nu fún àwọn tí kò lè kà, ní ọjọ́ ọjà, ní ìpàdé àwa télọ̀ àti ti àwọn àgbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní Moníyà lè yan àwọn àgùnbánirọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa tẹ ọgbọ́n tuntun táwọn olè bá gbé dé síbẹ̀, kí ẹni tó lè kà máa kà á sókè fún ará ilé rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Baba Télọ̀,
Ìrókò, lọ́nà Ọ̀yọ́.