Tọ́bò Tó Jó, Ṣé Owó Oṣù Dẹ́rẹ́bà Ni Yóò Ra Òmíràn?

Ẹjọ́ kan náà ló ń wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ní Òkè-Ogbó níbí ṣáá: tọ́bò ọkọ̀ jó, ọ̀gá ní dẹ́rẹ́bà ló jó o, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹnì kan wà nínú wa tó jẹ́ pé ìdajì owó oṣù ló ń mú lọ sílé fún oṣù mẹ́ta gbáko. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí gbogbo wa mọ ohun tí tọ́bò jẹ́ àti ohun tó ń jó o, kí a tó gbà pé ẹ̀bi ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ni.

Alfred Büchi, ẹ̀ńjíníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Ohun tó rí ni pé èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe èéfín lásán. Agbára ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ooru ló ń gbé e lọ dànù. Ó ní kí èéfín náà máa yí fáànù kékeré kan, kí fáànù kejì wà lórí irin kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí èyí máa fipá ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ní 1918, Sanford Moss ti ilé iṣẹ́ General Electric gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan lọ sórí òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà, tó ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì fi hàn pé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí ẹ́ńjìnnì mìíràn ń mí hẹlẹhẹlẹ, agbára èyí tó ní tọ́bò kò dínkù.

Nígbà ogun Hitler, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ B-17 ló ní tọ́bò. Ooru ni wàhálà wọn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ P-38 gbé tọ́bò tiwọn sí ìta gbangba lẹ́yìn ọkọ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Ti B-29 ló burú jù, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa gbóná kọjá ààlà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1943, iná sọ lára ọ̀kan tí wọ́n ń dán wò ní ìlú Seattle, ó já lu ilé iṣẹ́ ẹran kan, ó pa ènìyàn 11 tó wà nínú rẹ̀, ó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn nísàlẹ̀. Wọn kò bu owó lé awakọ̀ kankan lórí gbígbóná ẹ́ńjìnnì yẹn. Wọ́n padà sídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi ń tù ú ṣe.

Ti jẹ́ẹ̀tì òde òní tilẹ̀ tún yani lẹ́nu. Gáàsì tó ń kọ lu irin inú rẹ̀ a máa gbóná ju dígírì sẹ́ńtígíréèdì 1,500 lọ, èyí tó tó láti yọ́ irin náà gan-an. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni pé wọ́n ṣe irin yẹn ní oníhò nínú, afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi ohun kan tó dà bí amọ̀ ìkòkò bò ó lára. Ẹ wo ọkọ̀ Super Tucano 12 tí Ilé Iṣẹ́ Ológun Òfurufú wa gbà ní 2021. Awakọ̀ ní aago kan níwájú rẹ̀ tó ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bí ooru bá kọjá ibi tí ìwé ẹ́ńjìnnì fi sí, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà ni yóò sì sọ bóyá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí yóò ní, “Má dá a lóhùn, máa lọ.”

Ọmọ ìyá kan náà ni tọ́bò tó wà nínú tírélà wa. Irin inú rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi ẹrù gun àwọn òkè ọ̀nà Iléṣà lóru, tí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí i tó pọ́n bí ẹ̀yinná. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń tù ú nínú. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ lójijì, ọ́ìlì dúró, ooru kò lọ, ọ́ìlì tó kù nídìí irin náà á sì jó di èédú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù díẹ̀, tọ́bò yóò kọṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ní kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó pa á.

Ta ni kì í jẹ́ kí a fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn? Ṣé dẹ́rẹ́bà ni? Fọ́máànù tó di aago mú lẹ́nu géètì ni. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì ń ṣòfò, pa ọkọ̀ kíá. Ta ló ra ọ́ìlì ayédèrú? Ta ló ní kí fílítà tó ti dí máa bá iṣẹ́ lọ? A kò sọ pé kò sí dẹ́rẹ́bà alágídí láàrin wa, ẹni tó jẹ́ pé bó ṣe ń wọ gáréèjì ló ń yọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wà, a sì ti ń bá wọn wí. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n?

Ẹ̀yin mákáníìkì náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Páànù tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi bo tọ́bò kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí a bá tú u, tí wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ nítorí bóòtù ti sọnù, bí páìpù dísẹ́ẹ̀lì bá wá ń jò sórí irin tó gbóná tó dígírì 600, kò nílò ìṣáná kó tó gbiná. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ kí ó tó tutù, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òfin. Abala 5 nínú Labour Act ilẹ̀ wa kò fún ọ̀gá láṣẹ láti bu ìtanràn lé òṣìṣẹ́ kó sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bà á jẹ́, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀n tó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdajì tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni wa yẹn, níbo ni wọ́n ti rí i?

Ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè kò pọ̀. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún ìtutù wà nínú àkókò iṣẹ́ tí a ń sanwó fún. Kí ọkọ̀ tí kò ní páànù ìbòrí má jáde ní géètì. Kí a kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà sínú ìwé ọkọ̀, kí dẹ́rẹ́bà sì lè rí ìwé náà. Kí wọ́n dá owó tí wọ́n yọ láìgba ìyọ̀ǹda padà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Bí ẹ bá ní ìwé tí wọ́n fi sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ jó tọ́bò, ẹ mú un dání pẹ̀lú.