Igi Àgbálùmọ̀ Tí Mo Sanwó Gé

Lọ́sẹ̀ yìí, ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀yọ́, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi àgbà. Gúáfà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìbẹ́pẹ sì ń hù fúnra rẹ̀ nídìí àkìtàn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àgbálùmọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a ká a lórí igi, nítorí èyí tí a bá fipá ká, kíkan ló ń kan. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ bọ́ ló ń dùn. Nítorí náà, ẹni tó bá tètè jí ló ń ṣà á. Àwọn ọmọ àdúgbò a dé ní ìdájí, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹyọ kan. A ó jẹ ẹ́ tán, a ó máa rún èèpo rẹ̀ lẹ́nu bíi gọ́ọ̀mù, a ó sì kó kóró rẹ̀ ṣeré.

Ní 2019, lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣèpàdé. A ní ewé igi náà ń dọ̀tí ilẹ̀, a sì fẹ́ kí ilé rí bí ilé ọlọ́lá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Kò sí àgbà láàrin wa lọ́jọ́ náà. Èmi tí wọ́n ń pè ní tíṣà ni mo sanwó fún ẹni tó gé e. A wá gbin koríko tí à ń gẹ̀ bí irun orí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú koríko bẹ́ẹ̀ ti bá ojú ọjọ́ mu, níbi tí òjò ti ń rọ̀ yípo ọdún. Àwọn òyìnbó aláṣẹ ló gbin ín sí àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ara wọn, bí Ìkòyí ní Èkó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn a sọ ọ́ di pàǹtí, àfi bí a bá bomi rin ín. À ń fi owó ra omi fún koríko tí ewúrẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ jẹ! Bẹ́ẹ̀ ni gúáfà tí a gé dànù ní fítámì C ju ọsàn lọ dáadáa.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ra àgbálùmọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tí a jọ ń ṣà á lẹ́yìnkùlé yẹn. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà wá ń ra àgbálùmọ̀?" Ojú tì mí. Láti ìgbà tí igi ti lọ, ọmọ kan kò yà kí wa mọ́.

Mo ti gbin gúáfà kan àti àgbálùmọ̀ kan sáàrin koríko náà. Gúáfà lè so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àgbálùmọ̀ yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí igi yín ṣì dúró, ewé kì í ṣe ìdọ̀tí, ìgbálẹ̀ tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti gé tiyín bí èmi, òjò ń bọ̀, ẹ wá nǹkan gbìn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.