Ìmọ́lẹ̀ Mọ Ohun Tí Ojú Kò Rí

Omi gaara kì í ṣe ẹ̀rí omi dáradára. Bí iyọ̀ bá yòrò sínú omi, ojú kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n eré ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ a dín díẹ̀.

Ní 1899, Charles Fabry àti Alfred Perot, ará Faransé, ṣàlàyé ọgbọ́n kan: gíláàsì méjì tí a fi fàdákà fẹ́lẹ́ kùn kọjú sí ara wọn, ìmọ́lẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Àwọ̀ tí ó bá àyè náà mu nìkan ní ń là á kọjá. Bí omi àárín wọn bá yí padà, àwọ̀ náà a yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: àlọ àtàbọ̀ ní ń tú ìyàtọ̀ kékeré fó.

Ṣùgbọ́n ooru pàápàá lè fa ìyàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ a ké gbàjarè. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò dárúkọ olè.