Ìbẹ̀wò Àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ Oníṣègùn Ìbílẹ̀ Ṣáínà



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ni ó ń lọ ra ọjà ní ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, àìsàn kò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Bí ara kò bá yá wọn níbẹ̀, wọn a máa gbọ́ ìròyìn àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà. Àwọn kan a sá, wọn a ní èèwọ̀ ni; àwọn mìíràn a gbà wọ́n gbọ́ tóbẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi da oògùn dókítà wọn nù. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì ni ó léwu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojúbọ ni a ó mú òun lọ. Ní 1956 ni ìjọba Ṣáínà dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú mẹ́rin, Guangzhou sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé-ìwòsàn ni ènìyàn yóò bá, níbi tí a ń forúkọ sílẹ̀, tí a ń sanwó, tí a sì ń dúró de ìpè.

Ọ̀nà mẹ́rin ni oníṣègùn náà fi ń wádìí àrùn. Èkíní ni wíwò: yóò wo ojú, ìrìn, àti ní pàtàkì ahọ́n, àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí ó bò ó. Nítorí náà, kí ènìyàn má ṣe ha ahọ́n rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó má sì jẹ obì tàbí mu kọfí kí ó tó lọ. Èkejì ni fífetísí ohùn àti èémí, àti gbígbọ́ òórùn ara. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè: oorun, oúnjẹ, òógùn, ìtọ̀, ìgbẹ́, òtútù àti ooru ara, àti nǹkan oṣù bí ó bá jẹ́ obìnrin. Kí ojú má ṣe tì wá níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bo àrùn mọ́ra ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹ̀kẹrin ni fífọwọ́kan ara: yóò gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì, yóò sì dákẹ́ láti mọ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù.

Lẹ́yìn èyí, ó lè kọ ewé àti egbò tí a ó wọ̀n, tí a ó sì sè bí àgbo. Ó lè gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, tí yóò wà lára fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú; kí a rí i pé tuntun ni, kí a tú u nínú ìdì rẹ̀ lójú wa. Ó sì lè fi ife fa awọ ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ti ń fi ìwo ṣe. Àpá róbótó rẹ̀ a máa wà lára fún ọjọ́ díẹ̀.

Ǹjẹ́ ìṣègùn yìí ní láárí? Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ka ìwé Ge Hong, tí a kọ ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, níbi tí a ti ní kí a rẹ ewé qinghao sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu ún fún ibà. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ artemisinin jáde nínú ewé náà. Ní 2015 ó gba ẹ̀bùn Nobel. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àpòpọ̀ oògùn tí ó ti inú rẹ̀ wá ṣe àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú ibà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé àtijọ́ ni ó tọ́ka ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdánwò ni ó fi òtítọ́ hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ẹ̀wẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó lo oògùn tí ń dín sísanra kù, tí a da egbò Ṣáínà kan mọ́, ni kíndìnrín wọn bàjẹ́. Ewé tí ń wo ibà àti egbò tí ń ba kíndìnrín jẹ́, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti hù.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá lọ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ó ń lò sínú ìwé, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sì fi han oníṣègùn. Obìnrin tí ó lóyún kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Kí a béèrè orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan ní kíkọ, kí a sì mú un padà fún dókítà wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró láìgba àṣẹ dókítà. Bí oníṣègùn kan bá sì ṣèlérí pé òun yóò wo jẹjẹrẹ sàn, ẹ dìde, kí ẹ máa lọ.

Ọgbọ́n àjèjì kò yẹ ní ẹ̀gàn, kò sì yẹ ní ìforíbalẹ̀. Ìwádìí ni ó tọ́ sí i.